Ọyẹ́ àti fern inú ilé: ìbéèrè yín rèé

Látìgbà tí NiMet, àjọ tó ń sọ bí ojú ọjọ́ yóò ṣe rí ní Nàìjíríà, ti kéde pé eruku ọyẹ́ ń bọ̀ ni àwọn tó gbin fern, ewéko tí a fi ń ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́, sínú ilé ní Ògbómọ̀ṣọ́ ti ń bèèrè ohun tó kàn wọ́n nínú rẹ̀. Maidenhair, irú fern tí igi ewé rẹ̀ dúdú, tó tín-ín-rín bí irun, ni ìbéèrè pọ̀ lé lórí jù.

Kí ló pa eruku pọ̀ mọ́ ewéko inú yàrá?
Afẹ́fẹ́ gbígbẹ tó ń gbé eruku náà bọ̀ láti aṣálẹ̀ Sàhárà ni ọ̀tá rẹ̀.

Ojoojúmọ́ ni mò ń bomi rin ín. Kí ló dé tó ṣì ń gbẹ?
Ibí gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń pa á. Ẹ wo aṣọ tí a sá nígbà ọyẹ́, bó ṣe ń yá gbẹ tó. Ohun tó ń fa omi lára aṣọ yẹn ló ń fà á lára ewé. Ewé maidenhair fẹ́lẹ́ gan-an, omi sì ń kúrò lára rẹ̀ ju èyí tí gbòǹgbò lè fà gòkè lọ. Bí ẹ bá wá ń da omi kún un ṣáá, gbòǹgbò á jẹrà, ewé á sì túbọ̀ gbẹ. Ẹ fọwọ́ kan iyẹ̀pẹ̀: kó tutù, kó má di ẹrẹ̀.

Ṣé kí n máa fín omi sí ewé?
Kì í pẹ́ gbẹ. Ẹ rántí bí amù ṣe ń jẹ́ kí omi yọ díẹ̀díẹ̀ gba ara amọ̀. Ẹ gbé ìkòkò oníke tí fern wà nínú rẹ̀ sínú ìkòkò amọ̀ tó tóbi jù ú lọ, ẹ da yanrìn sí àárín wọn, kí ẹ sì máa rin yanrìn náà, kí afẹ́fẹ́ ìtòsí ewé má baà gbẹ. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí kọ́tìnì bò, jìnnà sí fáànù.

Gbogbo ewé ti gbẹ. Ṣé ó ti kú nìyẹn?
Ó ṣeé ṣe kó má tíì kú. Ó máa ń dùn mí bí mo bá rí èyí tí wọ́n jù sí ààtàn, tí gbòǹgbò rẹ̀ ṣì yè. Ẹ gé ewé gbígbẹ náà mọ́lẹ̀, ẹ fi ọ̀rá tó mọ́ gaara bo ìkòkò náà. Ewé tuntun lè yọ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Kókó pupa rúsúrúsú tó tò sétí abẹ́ ewé ńkọ́?
Kì í ṣe àrùn. Fern kì í tanná, kì í so èso. Ibẹ̀ ló ń kó ohun tó fi ń bísí i sí.

Ṣé omi inú àwo abẹ́ ìkòkò kò ní kó ẹ̀fọn wọlé?
Á kó o wọlé. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan péré tó kí ẹyin ẹ̀fọn fi di ẹ̀fọn tó ń fò. Ẹ máa dà á nù lójoojúmọ́.