Ibi tí láísẹ́ǹsì GPL ti ṣẹ̀, láti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé MIT dé orí Mars

GPL (GNU General Public License) ni ìwé àṣẹ tí Richard Stallman kọ kí ẹni tó bá gba ètò kọ̀ǹpútà lè kà á, kó tún un ṣe, kó sì pín in. Ṣùgbọ́n nígbà tí kọ̀ǹpútà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ iléeṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ẹnikẹ́ni kì í ta sọ́fítíwíà lọ́tọ̀. Ẹni tó bá gba ẹ̀rọ IBM 704, ètò tí ẹ̀rọ náà máa lò bá a wá ni. Source code rẹ̀ náà wà níbẹ̀, ìyẹn ohun tí ẹni tó kọ ètò fọwọ́ ara rẹ̀ kọ, tí èèyàn lè kà, tó sì lè tún ṣe. Ní 1955, àwọn tó ń lo ẹ̀rọ yìí dá ẹgbẹ́ SHARE sílẹ̀ ní Los Angeles kí wọ́n lè máa pín ètò láàárín ara wọn. Kò sí láísẹ́ǹsì nítorí kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ fi tì.

Ẹ tiẹ̀ wo kọ̀ǹpútà tí Apollo 11 gbé lọ sí òṣùpá ní 1969. MIT Instrumentation Laboratory ló kọ ètò rẹ̀ fún NASA. Ìrántí rẹ̀ tí kì í yí padà kò ju ọ̀rọ̀ oníbíìtì 15 tó jẹ́ 36,864 lọ, wáyà ni wọ́n sì fi hun ún. Àwọn obìnrin òṣìṣẹ́ Raytheon ní Waltham á fi wáyà gba inú òrùka mágnẹ́ẹ̀tì kọjá bó bá jẹ́ 1, wọ́n á fi gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bó bá jẹ́ 0. Bí wọ́n bá ti hun ún tán kí wọ́n tó rí àṣìṣe, àfi kí wọ́n tún un hun. Ta ló fẹ́ jí irú ètò bẹ́ẹ̀ dà kọ, ibo ló sì fẹ́ lò ó? Láti 2016, ẹnikẹ́ni lè ka kóòdù náà lórí GitHub, ìkànnì tí wọ́n ń kó kóòdù sí, láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnìkan.

IBM ló ya ẹ̀rọ àti sọ́fítíwíà sọ́tọ̀. Ní oṣù Kìn-ín-ní 1969, ìjọba Amẹ́ríkà gbé e lọ sílé ẹjọ́ pé ó fẹ́ dá jẹ ọjà kọ̀ǹpútà. Nígbà tó di oṣù Kẹfà ọdún kan náà, IBM kéde pé òun máa dá owó lé sọ́fítíwíà lọ́tọ̀. Bí nǹkan bá ti ní iye owó, olówó rẹ̀ á wá òfin tó máa ṣọ́ ọ. Ní 1980, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà kọ ọ́ sínú òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ pé ètò kọ̀ǹpútà wà lára ohun tí òfin náà ń dáàbò bò. Ní 1983, nínú ẹjọ́ Apple àti Franklin, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sọ pé binary náà wà níbẹ̀, ìyẹn ẹ̀dà tó jẹ́ pé ẹ̀rọ nìkan ló lè kà á. Iléeṣẹ́ wá lè ta binary, kó gbé source code pamọ́, kí òfin sì máa bá a ṣọ́ méjèèjì.

Láti 1971 ni Richard Stallman ti wà ní AI Lab, yàrá ìwádìí ọgbọ́n àtọwọ́dá ti MIT. Ìtàn tí gbogbo èèyàn máa ń sọ ni ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Èyí tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀, Stallman ti tún ètò rẹ̀ ṣe débi pé bí pépà bá há sínú rẹ̀, ó máa ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà àwọn tó ń dúró de iṣẹ́ wọn. Lẹ́yìn náà ni Xerox fún wọn ní ẹ̀rọ oníléésà tuntun, binary nìkan ló sì bá a wá. Pépà ń há, kò sẹ́ni tó ń mọ̀ àfi ẹni tó bá rìn débẹ̀. Ó lọ béèrè source code lọ́wọ́ ọ̀gbẹ́ni kan ní Carnegie Mellon, ẹni yẹn ní òun ti tọwọ́ bọ̀wé pé òun ò ní fún ẹnikẹ́ni. Ìtàn náà dùn, ó sì jóòótọ́, ṣùgbọ́n ìbínú nìkan ló ṣàlàyé. Kò ṣàlàyé ìdí tí GPL fi rí bó ṣe rí. Ọ̀rọ̀ Emacs ló ṣàlàyé ìyẹn.

Láti 1976 ni Emacs, ètò tí wọ́n fi ń kọ kóòdù àti ìwé, ti wà ní MIT. Àdéhùn tí Stallman fi ń pín in nígbà náà ni pé ẹni tó bá tún un ṣe gbọ́dọ̀ dá àtúnṣe náà padà fún òun. James Gosling wá kọ Emacs tirẹ̀ fún Unix, ètò ìṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan, ó ń fún àwọn èèyàn, kó tó tà á fún iléeṣẹ́ UniPress ní 1983. Stallman, tó ti kéde iṣẹ́ GNU, ìyẹn láti kọ ètò ìṣiṣẹ́ olómìnira tó jọ Unix, ní oṣù Kẹsàn-án 1983, tó sì ti fiṣẹ́ MIT sílẹ̀ ní oṣù Kìn-ín-ní 1984, mú díẹ̀ nínú kóòdù Gosling sínú GNU Emacs. Ohun tó gbọ́kàn lé ni pé ẹnìkan tó bá Gosling ṣiṣẹ́ ti gbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. UniPress ní kó yọ ọ́. Kò sí àṣẹ kankan nínú kóòdù fúnra rẹ̀ tó lè tọ́ka sí, ló bá jókòó tún apá yẹn kọ látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀dà 16.56 ti oṣù Keje 1985 ni ti Gosling kúrò nínú rẹ̀.

Ohun méjì nínú GPL ti ibẹ̀ wá. Èkínní, àṣẹ gbọ́dọ̀ bá ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan rìn, kó wà lára fáìlì gan-an. Èkejì, àṣẹ tí a bá ti fún ẹni tó gba ẹ̀dà, ẹni tó kọ ọ́ kò lè padà wá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ níwọ̀n ìgbà tó bá ń pa àdéhùn mọ́. Àdéhùn àtijọ́ pé kí gbogbo àtúnṣe padà sọ́dọ̀ ẹnìkan ṣoṣo, Stallman jù ú nù. Nínú GPL, ẹni tó bá tún ètò ṣe tó sì ń lò ó nílé ara rẹ̀ kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Ìgbà tí ẹ̀dà bá kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn ni gbèsè bẹ̀rẹ̀, òun ló sì jẹ ẹni tó gba ẹ̀dà ní gbèsè.

Stallman lè kọ ọ́ pé kóòdù náà jẹ́ ti gbogbo ayé, kó sì pa ẹ̀tọ́ àdàkọ tì. Ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ kan á mú un, á fi díẹ̀ kún un, á sì tilẹ̀kùn mọ́ gbogbo rẹ̀. Dípò bẹ́ẹ̀, ó di ẹ̀tọ́ àdàkọ mú, ó sì lò ó lódì kejì: tèmi ni, òfin sì fún mi lágbára láti sọ àdéhùn, àdéhùn mi ni pé ẹ kò gbọ́dọ̀ tì í mọ́ ẹnikẹ́ni. Orúkọ copyleft tí wọ́n ń pe ọgbọ́n yìí, inú lẹ́tà tí Don Hopkins kọ sí i ló ti rí i. Àwọn láísẹ́ǹsì MIT àti BSD, tí wọ́n jáde lásìkò kan náà, kò béèrè púpọ̀ ju kí èèyàn má yọ orúkọ ẹni tó kọ kóòdù àti ìwé láísẹ́ǹsì náà lọ.

Láàárín 1985 sí 1989, ètò kọ̀ọ̀kan ló ní láísẹ́ǹsì tirẹ̀: ti Emacs dárúkọ Emacs, ti GCC, ètò GNU tó ń sọ source code di binary, dárúkọ GCC. Èyí mú ìdààmú wá, torí kóòdù inú ọ̀kan kò lè bọ́ sínú èkejì láìsí wàhálà. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kejì 1989 ni GPL ẹ̀dà kìíní jáde, èyí tí ètò èyíkéyìí lè lò. Ẹni tó bá fúnni ní binary gbọ́dọ̀ fi source code tì í, tàbí kó kọ ìwé ìlérí tó máa wúlò fún ó kéré tán ọdún mẹ́ta pé ẹni tó bá béèrè máa rí i gbà. Kò sì gbọ́dọ̀ fi ìkálọ́wọ́kò tirẹ̀ kún un.

NeXT, iléeṣẹ́ Steve Jobs, dán an wò. Wọ́n kọ apá tó ń ka èdè Objective-C fún GCC, wọ́n wá fẹ́ fi apá tiwọn sílẹ̀ ní binary kí oníbàárà fúnra rẹ̀ so méjèèjì pọ̀. Stallman sọ fún wọn pé ètò kan náà ni méjèèjì, bó ti wù kí wọ́n gé e tó. NeXT gbà, wọ́n sì fi source code náà sílẹ̀.

Ẹ̀dà kejì GPL, ti oṣù Kẹfà 1991, gùn ju ti kìíní lọ. Ó là á kalẹ̀ pé source code tó pé ní nínú àwọn script tí wọ́n fi ń kọ́ ètò náà tí wọ́n sì fi ń gbé e sórí ẹ̀rọ. Abala keje rẹ̀ sọ pé bí ẹjọ́ tàbí pátẹ́ǹtì kò bá jẹ́ kí o lè pa gbogbo àdéhùn mọ́, o kò gbọ́dọ̀ pín in rárá. Èyí ni Linux bá pàdé, ìyẹn kernel, ètò tó wà láàárín ẹ̀rọ àti àwọn ètò yòókù. Nígbà tí Linus Torvalds kọ́kọ́ gbé Linux jáde ní Helsinki lọ́dún yẹn, láísẹ́ǹsì tirẹ̀ sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gbowó lórí rẹ̀, kódà owó tí wọ́n ná láti pín in kiri. Àwọn tó fẹ́ máa dà á sórí flọ́pì fún àwọn ẹlòmíràn wá há, torí ẹni tí kò lè gba owó flọ́pì padà máa fi owó ara rẹ̀ ṣòfò. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1992, ó kó Linux sábẹ́ GPL.

Ọdún mọ́kànlá lẹ́yìn náà ni ìwé yìí fi eyín rẹ̀ hàn. Ní 2003, àwọn tó ń lo router (ẹ̀rọ tó ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì) Linksys WRT54G rí i pé Linux ló wà nínú rẹ̀, kò sì sí source code níbì kankan. Cisco ṣẹ̀ṣẹ̀ ra Linksys. Linksys gba chip lọ́wọ́ Broadcom, iléeṣẹ́ kan ní Taiwan ló sì kọ sọ́fítíwíà náà. Bí a bá béèrè, kálukú á tọ́ka sí ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀, títí dòní sì ni irú wàhálà báyìí ti máa ń bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Cisco fi kóòdù sílẹ̀ ní gbẹ̀yìn, orí rẹ̀ ni iṣẹ́ OpenWrt, sọ́fítíwíà olómìnira fún router, ti dìde ní 2004. Lọ́dún náà, ilé ẹjọ́ kan ní Munich, ní Jámánì, dá Harald Welte, ọ̀kan lára àwọn tó kọ kóòdù Linux, láre lórí Sitecom, iléeṣẹ́ tó ń ta router, ó sì jẹ́ kó yé gbogbo èèyàn pé àdéhùn tó ní agbára òfin ni GPL.

TiVo, iléeṣẹ́ tó ń ta ẹ̀rọ tó ń gba ètò tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀, gba ọ̀nà mìíràn. Wọ́n fi source code sílẹ̀ pátápátá, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ wọn ń yẹ òǹtẹ̀ wò, bí o bá tún Linux inú rẹ̀ ṣe, kò ní ṣiṣẹ́. Ẹ̀dà kẹta, ti ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà 2007, dí ihò yìí fún ẹ̀rọ tí àwọn èèyàn ń rà lò nílé: ẹni tó tà á gbọ́dọ̀ fi ohun tí wọ́n nílò láti gbé ẹ̀dà tí wọ́n tún ṣe sórí rẹ̀ lé wọn lọ́wọ́. Ó tún fún ẹni tó kọ́kọ́ ṣẹ̀ ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti tún un ṣe kó tó pàdánù àṣẹ pátápátá. Torvalds kò fẹ́ abala ẹ̀rọ yìí, nítorí náà ẹ̀dà kejì nìkan ni Linux wà títí dòní. Ní tèmi, ó ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀, ṣùgbọ́n àwa tó ń ra fóònù la ń san owó rẹ̀.

Hẹlikópítà Ingenuity, tó fò lórí Mars ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹrin 2021, Linux ló ń ṣiṣẹ́ lórí chip Snapdragon 801 inú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni wọ́n ní kó fò, ó fò lẹ́ẹ̀mejìléláàádọ́rin. Àwọn kan béèrè bóyá GPL di dandan ní Mars. Ó rọrùn: JPL, yàrá ìwádìí NASA tó ni ín, fúnra rẹ̀ ló ń lò ó, kò sí ẹni tó fi ẹ̀dà lé lọ́wọ́ níbẹ̀, gbèsè kò sì bẹ̀rẹ̀. F Prime, ètò JPL tó ń darí ìfò náà, láísẹ́ǹsì olómìnira mìíràn, Apache 2.0, ló wà lábẹ́ rẹ̀, wọ́n sì ti fi í síta láti 2017. Ó sàn ju láísẹ́ǹsì tí NASA fúnra rẹ̀ kọ, tó ní àtúnṣe gbọ́dọ̀ jẹ́ iṣẹ́ tí ẹni náà dá ṣe látọkàn ara rẹ̀. Gbólóhùn kan yìí kò jẹ́ kéèyàn mú kóòdù olómìnira láti ibòmíràn kún un, Free Software Foundation, àjọ tí Stallman dá sílẹ̀, kò sì kà á mọ́ láísẹ́ǹsì olómìnira.

Ẹni tó bá fẹ́ fi GPL sórí iṣẹ́ tirẹ̀, kó fi ìwé náà lódindi sínú fáìlì tó ń jẹ́ COPYING. Kó wá kọ ọdún àti orúkọ ara rẹ̀ sí orí fáìlì kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìlà bíi SPDX-License-Identifier: GPL-3.0-or-later. Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ ni kí èèyàn kọ “GPL” láìsọ ẹ̀dà, torí ìwé náà sọ pé ẹni tó gbà á lè yan ẹ̀dà tó bá wù ú nínú gbogbo èyí tó ti jáde. Kóòdù tó jẹ́ ẹ̀dà kejì nìkan kò lè bá ti ẹ̀dà kẹta nìkan pọ̀ nínú ètò kan, Apache 2.0 kò sì bá ẹ̀dà kejì rẹ́. Bí ogún èèyàn bá ti fi kóòdù kún un, gbogbo wọn gbọ́dọ̀ gbà kí ẹ tó lè pààrọ̀ láísẹ́ǹsì.

Fóònù Android kọ̀ọ̀kan ní kernel Linux, nítorí náà ìwé ìlérí gbọ́dọ̀ wà fún un bí kò bá sí source code nínú páálí. Ẹ wá a nínú Settings, lábẹ́ About phone. Bí ẹ bá fẹ́ béèrè, ẹ kọ orúkọ móńdẹ́ẹ̀lì àti build number gẹ́gẹ́ bó ṣe wà níbẹ̀ gan-an, torí iléeṣẹ́ tó bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ á fi kernel àpapọ̀ tí ó gbà lọ́dọ̀ ẹni tó ṣe chip ránṣẹ́, èyí tí kì í ṣe ti fóònù yín. Ẹ wo inú fóldà arch, ibi tí defconfig wà, ìyẹn fáìlì tó ń sọ apá tí wọ́n yàn nígbà tí wọ́n ń kọ́ kernel. Bí kò bá sí èyí tó jẹ́ ti móńdẹ́ẹ̀lì yín, tàbí tí device tree rẹ̀, ìyẹn fáìlì tó ń sọ ohun tó wà nínú ẹ̀rọ fún kernel, kò sí, ó ṣeé ṣe kí kóòdù náà má pé, ẹ lè dá a padà fún wọn pẹ̀lú abala kẹta GPL ẹ̀dà kejì.