Ẹ Fi Ẹnu Sọ Ohun Tó Wà Lójú Sláìdì Yín

Ní gbọ̀ngàn kan ní Yaba, mo ń kọ́ àwọn oníṣòwò bí wọ́n ṣe ń ṣírò èrè ọjà wọn. Mo nawọ́ sí sláìdì tó hàn lára ògiri, mo ní, "Ẹ wò ó, èyí ti lọ sókè, ìyẹn ti wálẹ̀." Ọkùnrin kan tó gbé ọ̀pá funfun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó rẹ̀ rọra béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ló lọ sókè?" Ojú tì mí gan-an. Owó tí àwọn yòókù san lòun náà san, àmọ́ gbogbo ibi tí mo ti nawọ́ ni ọ̀rọ̀ ti fò ó.

Láti ọjọ́ yẹn, ohun tí mo kọ́kọ́ ń tẹnu mọ́ fún ẹni tó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí lọ́dọ̀ mi ni pé kó pa "ẹ wo ibí yìí" tì. Ẹ sọ ọ́ jáde: "Àpò ìrẹsì 40 la tà lóṣù Kẹta, lóṣù Kẹrin, ó di 65." Ẹni tí kò ríran gbọ́, ẹni tó jókòó sẹ́yìn òpó gbọ́, ìyá tó gbàgbé awò ojú rẹ̀ sílé náà gbọ́. Bí iná bá sì lọ, kí wọ́n tó tan jẹnẹrétọ̀, ọ̀rọ̀ yín ò ní dúró.

Ti àwọn adití ni ọ̀pọ̀ wa kì í ronú kàn. Bí ògbufọ̀ bá ń fi ọwọ́ sọ ohun tí ẹ ń wí, adití kò lè máa wo ọwọ́ yẹn kó tún máa ka sláìdì lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ bá ṣí sláìdì tuntun, ẹ dákẹ́ díẹ̀, kó kà á tán kí ẹ tó la ẹnu. Ẹ má pa gbogbo iná gbọ̀ngàn. Bí òkùnkùn bá bo ọwọ́ ògbufọ̀, kí ló kù? PowerPoint àti Google Slides, àwọn ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe sláìdì, lè máa kọ ohun tí ẹ ń sọ sójú ògiri bí ẹ ṣe ń sọ ọ́. Ó wúlò, ṣùgbọ́n ó máa ń ṣi orúkọ wa kọ, n kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni fi rọ́pò ògbufọ̀.

Lẹ́tà aláwọ̀ eérú lórí funfun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀. Ìlànà àgbáyé tí wọ́n ń pè ní WCAG, tó wà kí àwọn àkàndá náà lè lo ohun orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ní kí ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀ láàárín ọ̀rọ̀ tí lẹ́tà rẹ̀ kò tóbi àti ẹ̀yìn rẹ̀ tó 4.5 sí 1, ó kéré tán. Dúdú lórí funfun jẹ́ 21 sí 1. Nínú gbọ̀ngàn tí oòrùn ń gba fèrèsé wọlé, ẹ jẹ́ kó ju ti ìlànà lọ. Bí ẹ bá sì fi pupa ṣe gbèsè, tí ẹ fi àwọ̀ ewé ṣe èrè, ẹ kọ "gbèsè" àti "èrè" sí i, torí àwọn kan wà tí ojú wọn kò lè ya àwọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀.

Bí ẹ bá máa fi fáìlì ránṣẹ́, ẹ kọ àkọlé sórí sláìdì kọ̀ọ̀kan, torí òun ni ẹni tó ń lo ẹ̀rọ tó ń ka ojú kọ̀ǹpútà sókè fi ń mọ ibi tó dé. Ẹ kọ àlàyé àwòrán sábẹ́ "Alt Text", àyè tí ẹ̀rọ yẹn ti ń ka ohun tó wà nínú àwòrán sókè: "àwòrán ọjà" kò tó, "obìnrin méjì ń ka owó nídìí ìsọ̀ aṣọ ní Balógun" ló yé èèyàn.

Òfin Èkó lórí ọ̀rọ̀ àwọn àkàndá ti wà láti 2011, ti ìjọba àpapọ̀ dé ní 2019, síbẹ̀ àtẹ̀gùn ilé nìkan ni ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ó kàn.

Ní alẹ́ tó ṣáájú iṣẹ́, mo máa ń gba ohùn ara mi sórí fóònù, màá fi ránṣẹ́ sí àbúrò mi ní Ìkòròdú láìfi sláìdì kankan kún un. Ibi tó bá ti béèrè pé, "Bọ̀dá mi, kí ni 'èyí' yẹn?", ibẹ̀ ni mo máa ń tún ṣe kí n tó sùn.