Ife tí ẹ yà sọ́tọ̀ fún oníwárápá

Àwọn òbí máa ń bi mí ní kíníìkì pé kí ló dé tí ọmọ àwọn kì í fẹ́ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́, nígbà tí wárápá ọ̀hún ti ń rọlẹ̀. Èmi náà á bi wọ́n pé: ife wo ló fi ń mumi nílé? Lọ́pọ̀ ìgbà, ó ní ife tirẹ̀, ike kan tó dá wà létí fèrèsé, tí àbúrò rẹ̀ kékeré pàápàá mọ̀ pé òun kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn.

Wárápá kì í ràn. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ló ń fi iná mànàmáná tín-ín-rín ránṣẹ́ síra wọn. Bí ọ̀pọ̀ wọn bá ṣàdédé ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ara lè gan, kó sì máa gbọ̀n. Ohun tó ń hó lẹ́nu rẹ̀ tí ẹ ń sá fún, itọ́ lásán ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé bíi 50 mílíọ̀nù ènìyàn ló ní in láyé, àti pé bí a bá tọ́jú wọn bó ṣe yẹ, ó lè tó 70 nínú 100 tí wárápá kò ní gbé mọ́.

Wọ́n ní bí onígbá bá pe igbá rẹ̀ ní àkúfọ́, wọn a bá a fi kólẹ̀. Ti oníwárápá yàtọ̀: ará ilé ló kọ́kọ́ pè é bẹ́ẹ̀, kí òun fúnra rẹ̀ tó gbà.

Òótọ́ ni pé àwọn ìkìlọ̀ kan wà. Kó má dá lọ wẹ̀ lódò, kó má gun àkàbà, kó má dá nìkan dáná igi, kó má wa ọkọ̀ àfi tí dókítà bá yọ̀ǹda. Ìyẹn ni wárápá gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwo ọ̀tọ̀, má jáde sálejò, má kọ́ṣẹ́, má lọ́kọ: ẹ̀yin lẹ gba ìyẹn. Obìnrin tó ní in ń bímọ aláàfíà. Kó ṣáà rí dókítà kó tó lóyún, torí àwọn oògùn kan, bíi valproate, lè pa ọmọ inú lára. Kó má sì dá oògùn dúró fúnra rẹ̀ o.

Ìwọ tó ní in, wá ẹnì kan níbi iṣẹ́ tí o fọkàn tán, kí o sọ fún un. Kọ́ ọ pé kó fẹ̀gbẹ́ rẹ lélẹ̀, kó má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, kó má sì dì ọ́ mọ́lẹ̀. Bó bá kọjá ìṣẹ́jú 5, ilé ìwòsàn yá. Fi aṣọ ìpààrọ̀ sínú báàgì, nítorí ìtọ̀ lè bọ́. Ẹ̀rù ìtìjú yìí ló ń há ọ̀pọ̀ mọ́lé ju àìsàn lọ.

Ẹbí, bí kò bá jẹun, tí kò sùn, tó ń sọ pé ikú yá ju ẹ̀sín, ẹ má pè é ní àwàdà. Ìbànújẹ́ ọkàn wọ́pọ̀ pẹ̀lú wárápá, àwọn oògùn kan sì máa ń dá kún un. Ẹ mú un wá lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ má dúró de ọjọ́ tí a dá fún un.