Etí Ni Ìrántí Ti Wá: Bí Ìbàdàn Ṣe Di Ìlú Tí Kì Í Gbàgbé

Ìyá ìyá mi kì í sọ pé "mo rántí" kó má fọwọ́ kan etí. Bí a bá bi í ní ọ̀rọ̀ tó ti pẹ́, ọwọ́ á lọ sí etí ọ̀tún, á fà á díẹ̀ bí ẹni ń fa etí ọmọ aláìgbọràn, lẹ́yìn náà ni ìtàn á tó máa bọ̀. Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé ohun tí màmá ń fi ọwọ́ ṣe ni gbogbo wa ń fi ẹnu sọ. Rán etí: rántí. Bí o bá fẹ́ kí ẹnì kan má jẹ́ kí o gbàgbé nǹkan, "rán mi létí" lo máa sọ, o ò ní sọ pé "rán mi lórí." Mo mọ̀ pé àwọn kan wà tí wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà kò ṣeé tú bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n tú tiwọn kí a rí i.

Ẹni tó bá bèèrè ibi tí ìrántí ti bẹ̀rẹ̀ láàárín àwa Yorùbá, ìdáhùn mẹ́ta ló máa kọ́kọ́ gbọ́. Ọmọ Ọ̀yọ́ á ní ọ̀dọ̀ arọ́kin, àwọn apìtàn ààfin, ni. Ọ̀mọ̀wé á ní ìwé ló mú un wá. Dókítà á ní inú ọpọlọ ló wà látilẹ̀. Èmi ọmọ Ìdí-Arẹrẹ n'Ìbàdàn ní ti èmi: ẹnu ìyàwó ilé ló ti jáde, etí ọmọ tó ń sunkún ló kọ́kọ́ wọ̀, kò sì sí ìlú tó ti rí iṣẹ́ ṣe tó Ìbàdàn.

Kí a mú arọ́kin kúrò lọ́nà ná. Ọlọ́lá ni wọ́n, ọ̀dọ̀ wọn ni Samuel Johnson ti gbọ́ púpọ̀ nínú ohun tó kọ sínú ìtàn Yorùbá. Ṣùgbọ́n ààfin ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún. Ẹni tí ọba ń bọ́ mọ ibi tó yẹ kí ìtàn ti rọ̀. Ó parí.

Ìtàn tèmi gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn dé ibi tí kò sí ọba, tí kò sí ọjà, ìyá kan àti ọmọ kan péré nínú ahéré. Ọmọ ń ké. Kí ni ìyá máa sọ? Kò ní sọ ìtàn ogun fún un. Orúkọ ló máa pè é, kì í ṣe orúkọ tí gbogbo ayé ń pè é, bí kò ṣe oríkì: Àjàní, Àkànní, Àṣàkẹ́, Àníkẹ́. Lẹ́yìn èyí á fi orúkọ baba ọmọ kún un, lẹ́yìn náà ohun tí baba baba ṣe, ibi tí wọ́n ti ṣí wá, ohun tí wọn kì í jẹ. Ọmọ á dákẹ́. Kò gbọ́ ìtumọ̀ kankan, ṣùgbọ́n etí ti gbà á. Tèmi ni pé ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti ṣẹ̀, ìjálá ọdẹ, ẹ̀sà egúngún, rárà, gbogbo rẹ̀, ọmọ ni wọ́n fún orin ìrẹmọlẹ́kún. N kò rí ẹni tó wà níbẹ̀ tó lè jẹ́rìí mi. Ṣùgbọ́n ẹ lọ sí agbo ilé kankan láàárọ̀ kùtùkùtù, kí ẹ wo ẹni tó kọ́kọ́ ń ki ọmọ: kì í ṣe baba.

Ohun kan tún wà níbẹ̀ tí kì í jẹ́ kí n sùn. Àwọn obìnrin tó mọ oríkì ilé jù lọ kì í ṣe ọmọ ilé. Ìyàwó ni wọ́n. Ilé mìíràn ni wọ́n ti wá. Wọ́n dé, wọ́n bá ilé tí kì í ṣe tiwọn, wọ́n kọ́ oríkì rẹ̀ láti ẹnu ìyálé, wọ́n sì fi ń kí ọkọ, fi ń kí ọmọ ọkọ, fi ń sunkún òkú. Àlejò ló ń pa ìrántí mọ́ fún onílé. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ìlú àlejò ni Ìbàdàn.

Ìbàdàn àkọ́kọ́, èyí tí Lágelú tẹ̀ dó, ti tú tipẹ́. Ohun tí àwọn àgbà sọ ni pé wọ́n tú aṣọ lára egúngún ní gbangba ọjà, wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, ọ̀rọ̀ sì dé etí Aláàfin (etí náà tún nìyẹn). Ogun dé. Ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù sá gun òkè, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹ òro, tí wọ́n ń jẹ ìgbín. Ta ló sọ fún wa? Oríkì ni: *Ìbàdàn, ọmọ ajòro sùn, ọmọ ajègbín yó, ọmọ afìkarahun fọ́rí mu.* Ìgbà tí mo wà lọ́mọdé, mo rò pé wọ́n fi ìkarahun fọ́ orí ẹnì kan ni. Màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Oorí ni, ẹ̀kọ tútù, èyí tí wọ́n fọ́ sínú omi tí wọ́n fi ìkarahun ìgbín bù mu nítorí pé igbá kò sí. Òro náà, àwọn tó ń jẹ àpọ̀n mọ̀ ọ́n. Inú kóró èso rẹ̀ ni àpọ̀n ti ń jáde.

Ẹ wo irú oríkì tí ìlú ńlá ń fi ṣògo! Àwọn mìíràn á ní ọmọ adé, ọmọ ìlẹ̀kẹ̀. Àwa ní ọmọ tó jẹ èso igbó sùn. Ẹnì kan ni mo máa ń fojú inú rí, obìnrin kan lórí òkè náà, tó ń sọ fún ọmọ tí ebi ń pa pé kó jẹ òro kó sùn, kó tó di pé ọ̀rọ̀ ìrẹ̀lẹ́kún yẹn di orúkọ gbogbo wa. Ara náà tún ń rántí ju ẹnu lọ. Lọ́jọ́ Òkè'badàn, nínú oṣù kẹta ọdún, láyé àtijọ́ wọn kì í dáná, ohun tútù ni wọ́n ń jẹ. Ẹni tó bá ti jẹ ohun tútù láti àárọ̀ di alẹ́ kò nílò kí ẹnikẹ́ni tún sọ fún un pé ebi pa Lágelú. Ti orin èébú tí wọ́n ń kọ lọ́jọ́ náà, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀; ọmọdé lè máa ka ìwé yìí.

Ìbàdàn tí a wà nínú rẹ̀ báyìí, bùdó ogun ni. Ní nǹkan bí ọdún 1829, lẹ́yìn ogun Òwu, àwọn jagunjagun Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá pàdé níbẹ̀. Kò pẹ́ tí Ọ̀yọ́ Ilé náà tú, tí àwọn tó ń sá fógun ń ya wọlé lójoojúmọ́. Ẹni tó ní ilé tí kò jó lè fi òkúta ìta baba rẹ̀ rántí. Ẹni tí ilé rẹ̀ ti jó, kí ló kù fún un? Ẹnu. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe jẹ́ pé ọmọ tí wọ́n bí sí Fókò n'Ìbàdàn níbí, tí kò tíì rí Ọ̀fà rí, á jí láàárọ̀, wọ́n á ní ìjàkadì lorò Ọ̀fà. Aládùúgbò rẹ̀ á jẹ́ ọmọ Ìkòyí, ọmọ ẹ̀ṣọ́. Gbogbo ìlú tó ti parẹ́ nílẹ̀ Yorùbá ń gbé ní Ìbàdàn nínú ẹnu àwọn ìyàwó ilé. Ìdí nìyí tí mo fi ní ìlú tí kì í gbàgbé ni. Kì í ṣe pé a gbọ́n ju àwọn mìíràn lọ. Ìyà ló kọ́ wa. Ẹni tó yàgbẹ́ ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Ọ̀rọ̀ gbàgbé náà dùn ún yẹ̀ wò. Èmi a máa gbọ́ "gbé" tó túmọ̀ sí pé nǹkan ṣòfò nínú rẹ̀: o gbà á, ó sì gbé mọ́ ọ lọ́wọ́. Iyè ló sì ń sọnù, kì í ṣe orí. Iyè rẹ ra, iyè rẹ kò sí nílé. Ìdí nìyẹn tí àwọn baba wa fi ń ṣe ìsọ̀yè fún ọmọ tó ń kọ́ Ifá, kó lè sọ iyè rẹ̀ jí, nítorí ojú odù mẹ́rìndínlógún, pẹ̀lú ọmọ odù, wọ́n jẹ́ 256, ẹsẹ̀ tó sì wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan kò lóǹkà. Ọmọ awo kò rí ìwé. Olúwo á ké e, ọmọ awo á tẹ̀ lé e. Lọ́jọ́ kejì wọ́n á tún un ké. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ wọ́n á tún padà sórí rẹ̀. Ní 1885, ọmọ Jámánì kan, Hermann Ebbinghaus, tẹ ìwé jáde. Ara rẹ̀ ló fi ṣe ìdánwò: ó há ègé ọ̀rọ̀ tí kò ní ìtumọ̀ sórí, ó ń ka iye tó ti gbàgbé. Ó rí i pé kíá lèèyàn ń gbàgbé ní ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ó máa ń falẹ̀, àti pé àtúnkọ́ tí a fi àyè sí láàárín ló ń dúró jù. Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Olúwo kankan ì bá ti sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ohun tó dára nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni pé ó mọ̀ọ́mọ̀ yọ ìtumọ̀ kúrò. Tiwa, ìtumọ̀ àti ohùn ni a fi so ó mọ́ra.

Aróko náà wà níbẹ̀, ìrántí tí a fi owó ẹyọ ṣe. Ẹyọ mẹ́fà: mo fà mọ́ ọ. Ẹyọ mẹ́jọ: ohùn wa jọ. Ẹyọ méjì tó kọ ẹ̀yìn síra: ìjà ti dé. Ẹ ṣàkíyèsí pé nínú ti mẹ́fà àti ti mẹ́jọ, ohùn iye náà ni wọ́n ń gbọ́, kì í ṣe àwòrán. Ojú rí ẹyọ, etí ló kà á.

Kí a wá débi ìwé. Àwọn tó ń sọ pé ìwé ló mú ìrántí wá, ẹ bi wọ́n pé kí ló ṣẹlẹ̀ sí ìwé Johnson. Ìbàdàn níbí ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, lọ́dọ̀ àwọn Hinderer, tọkọtaya míṣọ́nárì, ní Kúdẹ̀tì. Ó parí ìwé rẹ̀ ní 1897, ó fi ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó sọnù. Johnson kú ní 1901 láìrí i. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló fi àkọsílẹ̀ tó ṣẹ́ kù tún un tò títí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921. Ìwé sọnù láàárín ọkọ̀ àti ọ́fíìsì. Òro Lágelú kò sọnù lójú ọ̀nà kankan.

Èyí tó wù mí ni ti Isaac Babalọlá Akínyẹlé. Ó tẹ ìtàn Ìbàdàn jáde ní 1911, ọdún mẹ́wàá ṣáájú kí ti Johnson tó jáde, ní èdè Yorùbá, fún ẹni tó gbọ́ Yorùbá. Ẹni tó kọ ìtàn ìlú náà ló wá joyè Olúbàdàn ní 1955. Ìlú mìíràn wo ló fi akọ̀tàn jọba?

Ti àtijọ́ ni mo fẹ́ sọ. Ti ìsinsìnyí, gbogbo yín mọ̀ ọ́n. Kenneth Dike, onímọ̀ ìtàn, bá ìwé ìjọba níbi tí ikán ti ń jẹ ẹ́ káàkiri orílẹ̀-èdè, ó kígbe, wọ́n dá ibi ìkóhun-ìrántí sílẹ̀ ní 1954, òfin rẹ̀ jáde ní 1957, ó sì wà ní Yunifásítì Ìbàdàn dòní. Tẹlifíṣọ̀n dé ní 1959. Íntánẹ́ẹ̀tì dé. Fóònù wá gba iyè lọ́wọ́ wa; n kò mọ nọ́ńbà ìyàwó mi sórí mọ́.

Ṣùgbọ́n n kò lè fi Ìdíkàn, àdúgbò kan n'Ìbàdàn, sílẹ̀. Ní 1992, àwọn dókítà ilé ìwòsàn UCH, tí Benjamin Ọ̀ṣúntókun àti Adéṣọlá Ògúnníyì wà lára wọn, bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn àgbà tó ti pé ọdún 65 sókè ní àdúgbò náà láti mọ ẹni tó ń ṣarán. (Ẹ má fi arán yẹn wé rántí o, ohùn wọn kò jọ.) Àwọn akẹgbẹ́ wọn ń ṣe bákan náà fún àwọn aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis, ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí èsì jáde ní 2001, nínú àgbà ọgọ́rùn-ún, 1.35 ló ń bẹ̀rẹ̀ àìsàn náà lọ́dún kan níbí, 3.24 lọ́hùn-ún. Wọ́n wo jíìnì, wọ́n wo ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀. Wọn kò wo oríkì. Èmi kò ní kí wọ́n wò ó, àmọ́ wọn ì bá wò ó.

Kí wọ́n tó lè ṣe gbogbo èyí, ìṣòro kan kọ́kọ́ dojú kọ wọ́n: àgbà tí kò lọ sílé ìwé, ọmọ ọdún mélòó ni? Ọ̀ṣúntókun àti Ògúnníyì gbé àkójọ ìṣẹ̀lẹ̀ tí Àjàyí àti Igun ti ṣe ní 1963 jáde, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ṣeé gbára lé, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1993. Ogun wo ló ń jà nígbà tí o wà lọ́mọdé? Baálẹ̀ wo ló wà lórí oyè? Gbogbo sáyẹ́ǹsì tó tẹ̀ lé e dúró lórí ohun tí ìyá àgbà gbọ́ tí kò gbàgbé. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣì ń ṣe. Ẹ bi ọmọ Ìbàdàn tó bá ti lé ní àádọ́ta ọdún nípa 1980, ó lè ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ẹ sọ pé "ọdún Omíyalé," kí ẹ wá wo bí á ṣe máa fi ọwọ́ han yín ibi tí odò Ògùnpa gòkè dé.

Nígbà tí màmá kú, ẹni tó ń tẹ pósítà ní Mọ́kọ́lá bèèrè ọdún tí wọ́n bí i. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní 1915, ó sì tẹnu mọ́ ọn, nítorí ó ti sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé ìyá òun ti lé ní ọgọ́rùn-ún. Àǹtí mi ní irọ́ ni. Ó ní màmá máa ń sọ ọ́ pé lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí gbọ̀ngàn Mápó, wọ́n ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí eyín iwájú òun méjèèjì ti yọ. 1929 ni wọ́n ṣí Mápó. Ọmọ ọdún mélòó leyín iwájú ń yọ lẹ́nu rẹ̀? Mẹ́fà, méje. Ẹni tó ń tẹ pósítà fi fóònù ṣe ìṣirò, ó kọ 1922. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi wo pósítà náà títí, kò sọ nǹkan kan, ó kàn fọwọ́ fa etí ọ̀tún rẹ̀.