Líkíà Ni Wọ́n Ti Kọ́kọ́ Fín Ẹ̀tọ́ Ìsìnkú Sára Ibojì, Kì í Ṣe Róòmù

Bí ẹ bá dé ìtẹ́ òkú tó wà níhà àríwá Hierapólì, ìlú tí Pọ́ọ̀lù dárúkọ nínú lẹ́tà rẹ̀ sí àwọn ará Kólósè, pósí òkúta ni ẹ ó máa rí lọ́tùn-ún lósì. Ẹ̀bá Pamukkale ló wà, ní ilẹ̀ Tọ́kì. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì wà lára ọ̀pọ̀ nínú àwọn pósí náà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá retí oríkì olóògbé níbẹ̀ kò ní rí i. Ìwé ẹ̀tọ́ ló máa bá. Báyìí ló ṣe máa ń lọ: pósí yìí àti ilẹ̀ tó jókòó lé jẹ́ ti lágbájá ọmọ lámọrín, òun ni wọn yóò sin síbẹ̀, àti ìyàwó rẹ̀, àti àwọn ọmọ rẹ̀, ẹlòmíì kò lẹ́tọ̀ọ́ síbẹ̀, ẹni tó bá sin ẹlòmíì sínú rẹ̀ yóò san iye báyìí sápò ọba, yóò sì san iye báyìí fún ìgbìmọ̀ àwọn àgbààgbà, ẹ̀dà ọ̀rọ̀ yìí wà ní ilé ìpamọ́ ìwé ìlú.

Róòmù ni àwọn tó ń ṣàlàyé orísun àṣà yìí sábà máa ń tọ́ka sí, nítorí pé ìgbà ìjọba Róòmù, pàápàá láàárín ọdún 100 sí 300 lẹ́yìn ìbí Jésù, ni èyí tó pọ̀ jù lára àwọn àkọlé náà ti wá. Ṣùgbọ́n ibi tí odò ti fẹ̀ kọ́ ni orísun rẹ̀ ń bẹ. Ẹni tó bá fẹ́ rí orísun èyí, kó sọ̀ kalẹ̀ lọ sétí òkun níhà gúúsù, sí Líkíà, ilẹ̀ Mírà àti Pátárà tí a ń kà nípa wọn nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì.

Ó ti lé ní ọdún 400 kí wọ́n tó bí Jésù tí àwọn ará Líkíà ti ń gbẹ́ ibojì sínú àpáta. Ẹ wo ojú ibojì Mírà tàbí ti Limyra dáadáa. Òpó wà níbẹ̀, àtẹ́rígbà wà níbẹ̀, orí ìtì igi yọ síta lábẹ́ òrùlé lọ́kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ òkúta ni gbogbo rẹ̀. Ẹ ó rò pé gbẹ́nàgbẹ́nà ló kàn án. Ilé ni wọ́n kọ́ fún òkú. Èdè wọn náà jẹ́rìí sí i: prñnawa ni wọ́n ń pe irú ibojì bẹ́ẹ̀, prñnawatẽ ni “ó kọ́ ọ”, prñnezi sì ni àwọn ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan náà ló bí gbogbo wọn. Gbólóhùn tó sì pọ̀ jù lára ibojì wọn ni èyí: hrppi ladi ehbi se tideime, ìyẹn “fún ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ”. Gbólóhùn yẹn gan-an ni Hierapólì ń fi èdè Gíríìkì sọ ní nǹkan bí 500 ọdún lẹ́yìn náà.

Ní Antiphellos, tó ń jẹ́ Kaş báyìí, ibojì kan wà tí wọ́n fi èdè méjì kọ ọ̀rọ̀ sí. Ixtta ọmọ Hla ló kọ́ ọ fún ara rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀. Apá Gíríìkì sọ pé bí ẹnikẹ́ni bá ṣẹ ibojì náà, òrìṣà Leto yóò lọ̀ ọ́ mọ́lẹ̀. Apá Líkíà kò pe Leto: Ìyá ibi mímọ́ yìí ló ké pè. Mo gbé àwọn méjèèjì yẹ̀ wò, ó sì hàn sí mi pé ará Líkíà ló ń ronú, èdè Gíríìkì ló kàn yá lò.

Èpè nìkan kò tó láti fi ṣọ́ ilé, ibí yìí sì ni ọ̀rọ̀ ti dùn jù. Lára àwọn ibojì Líkíà kan, wọ́n dárúkọ àwọn kan tí wọ́n ń pè ní miñti, wọ́n sì sọ iye owó, tí wọ́n ń fi ada, òṣùwọ̀n owó wọn, kà, tó jẹ́ tiwọn lórí ìsìnkú. Nígbà tí Gíríìkì borí níbẹ̀, wọn kò rí ọ̀rọ̀ tí wọn yóò fi túmọ̀ rẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, mindis. Lójú tèmi, ẹgbẹ́ ni miñti, bóyá ti àwọn ìbátan, bóyá ti àwọn tí ibojì wọn wà lágbègbè kan náà, tí wọ́n ń mójú tó ẹni tó lè wọlé àti ẹni tí kò lè wọlé. Ẹ rántí pé ọ̀pọ̀ ibojì wọn ní òkè àti ilẹ̀. Hrzzi ñtatã, iyàrá òkè, ni ti baálé àti ìyàwó rẹ̀. Iyàrá ìsàlẹ̀ ni ti àwọn ará ilé, ìyẹn àwọn prñnezi. Nígbà tí ilé bá ti ní òkè àti ìsàlẹ̀, tí ó ní onílé àti àwọn tí onílé gbà sọ́dọ̀, àfi kí ẹnìkan máa ka orí àwọn tó wà níbẹ̀, kó sì máa gba owó. Àwọn ọba kéékèèké Líkíà ti ń rọ owó fàdákà láti nǹkan bí 500 ọdún kí wọ́n tó bí Jésù. Nítorí náà kò yà mí lẹ́nu pé ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi iye owó sí ìwà àìtọ́ sí òkú. Láti ibẹ̀ dé orí owó ìtanràn gidi, ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo ni. Kí Róòmù tó sọ Líkíà di agbègbè tirẹ̀ lábẹ́ Késárì Claudius ní ọdún 43 lẹ́yìn ìbí Jésù, ìtanràn tí wọ́n fi dírákímà kà ti wà lára ibojì Gíríìkì níbẹ̀.

Àwọn kan ń dárúkọ Áténì gẹ́gẹ́ bí orísun àṣà yìí. Ewì ìdárò àti orúkọ olóògbé ni òkúta ibojì Áténì sábà máa ń gbé. Ta ló lẹ́tọ̀ọ́ sí ibojì kì í jẹ wọ́n lógún. Ti Sídónì lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1887 ni Osman Hamdi Bey, awalẹ̀pìtàn ará Tọ́kì, wú pósí òkúta Tabnit, ọba Sídónì, èyí tó wà ní Istanbul báyìí. Ará Íjíbítì ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún, ọ̀gágun kan tó ń jẹ́ Penptah, ọ̀rọ̀ Íjíbítì tirẹ̀ sì ṣì wà lára rẹ̀ títí dòní. Nísàlẹ̀ ní apá ẹsẹ̀ ni Tabnit fín tirẹ̀ sí: ẹ má ṣí mi, kò sí fàdákà lọ́dọ̀ mi, kò sí wúrà. Pósí àlòkù tó ní ìkìlọ̀ lára ni, nǹkan bí 500 ọdún kí wọ́n tó bí Jésù. Mo gbà pé èpè lè ti ìhà ibẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n kò sí orúkọ ìyàwó àti ọmọ níbẹ̀, kò sì sí owó.

Ní ti Róòmù, àwọn amòfin rẹ̀ pín ibojì sí méjì, ti ẹbí àti ti àwọn ajogún, wọ́n sì sọ pé ilẹ̀ tí a bá ti sin òkú sí ti di ohun ọ̀wọ̀ tí a kò lè tà. Ó dáa. Àwọn kan tún ń gbé òkúta Násárétì wá, àṣẹ Késárì tó dá ikú fún ẹni tó bá tú ibojì, tó ti wà ní Paris láti 1878. Ní 2020 ni àyẹ̀wò mábù rẹ̀ tọ́ka sí erékùṣù Kos gẹ́gẹ́ bí ibi tí wọ́n ti gé e. Létí bèbè ilẹ̀ Éṣíà yìí kan náà ni Kos wà. Àṣà tó ti wà nílẹ̀ ni Róòmù wá fi òǹtẹ̀ lù.

Láti Líkíà ni àṣà náà gba òkè lọ sí ìlú Termessos, níbi tí ìtanràn ti ń lọ sọ́dọ̀ òrìṣà Zeus Solymeus, àti sí ìlú Aphrodisias, níbi tí òrìṣà Aphrodite ti ń gba tirẹ̀. Ẹ má retí ọ̀rọ̀ náà sarkophagos lára wọn ṣá o. Òkúta Ásósì, ìlú tí Pọ́ọ̀lù fẹsẹ̀ rìn dé kó tó wọkọ̀, ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, “ajẹran-ara”. Pliny, òǹkọ̀wé ará Róòmù, kọ ọ́ pé ogójì ọjọ́ ni ó fi ń jẹ òkú tán, àfi eyín. Soros ni ọ̀rọ̀ tí àwọn tó ni pósí ń lò. Ní Aphrodisias, platas ni pèpéle tí soros jókòó lé, eisostai sì ni ihò ìsìnkú tó wà nínú pèpéle náà. Ẹni kan lè ní soros, kó fi eisostai kan sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ tó tọ́ dàgbà tàbí ẹrú tó dá sílẹ̀. Líkíà náà nìyẹn, òkè àti ìsàlẹ̀.

Ẹ̀dà àkọlé náà a lọ sí chreophylakion, ilé ìpamọ́ ìwé, wọn a sì fi orúkọ ẹni tó jẹ oyè stephanephoros lọ́dún náà sọ ọdún rẹ̀. Ìdí ni pé wọ́n mọ̀ pé ẹnìkan lè wá fi irin ha ọ̀rọ̀ náà kúrò lójú òkúta. Ìtanràn sábà máa ń tó 500 sí 2,500 dénáríù, nígbà mìíràn 5,000 tàbí 10,000. Nígbà tí Késárì Domitian fi kún owó ọmọ ogun, 300 dénáríù ló ń gbà lọ́dún. 2,500 jẹ́ owó iṣẹ́ rẹ̀ fún ọdún mẹ́jọ ó lé. Ìdá mẹ́ta owó náà, ọ̀kan jẹ́ ti ẹni tó gbé ẹjọ́ wá. Ìyẹn ló mú kí òfin náà ṣiṣẹ́, nítorí òkú kò lè lọ sílé ẹjọ́, àwọn ọmọ rẹ̀ sì lè ti kú tán.

Kí ló dé tí àwọn tó ń gba pósí ẹlòmíì kò kàn gbẹ́ tuntun? Ẹ ṣírò rẹ̀. Òkúta mábù tó gùn ní mítà 2.2, tó fẹ̀ ní mítà 1, tó ga ní mítà 1, tó tọ́ọ̀nù mẹ́fà kí wọ́n tó gbẹ́ inú rẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n bá gbẹ́ ẹ tán, ó ṣì kù bíi mẹ́ta, láìka ọmọrí. Aurelios Ammianos ti Hierapólì fín ẹ̀rọ tí omi ń yí, tó ń wa ayùn tí a fi ń la òkúta, sára ọmọrí pósí tirẹ̀, nítorí iṣẹ́ tó fi ń yangàn ni. Pósí tó bá sì ti wà lórí pèpéle ní ojú ọ̀nà, ọmọrí nìkan ló kù kí wọ́n gbé.

Ọ̀nà tó tọ́ láti gba pósí ẹlòmíì wà: kí onílé kọ ìyọ̀ǹda, synchoresis. Flavius Zeuxis, oníṣòwò Hierapólì tó kọ ọ́ sára ibojì rẹ̀ pé ìgbà 72 lòun gba etí Malea nílẹ̀ Gíríìsì kọjá lọ sí Ítálì, sọ pé ibojì náà wà fún òun àti àwọn ọmọ òun Theodoros àti Theudas, “àti ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá yọ̀ǹda fún”. Gbólóhùn kékeré yẹn ni ilẹ̀kùn tí àjèjì ń gbà wọlé. Ọ̀nà kejì ni kí èèyàn rà á. Ọ̀nà kẹta ni kó dúró di ìgbà tí kò sí ẹni tó lè pe ẹjọ́ mọ́.

Bí a ṣe ń mọ èyí tí wọ́n tún lò, ojú pátákó elétí méjì tó wà níwájú pósí ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ fi ọwọ́ pa á. Níbi tí wọ́n ti ha orúkọ kúrò, òkúta a rì wọlé díẹ̀ ju ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, a sì rí ṣákaṣàka, nítorí onírin kejì kì í dán an bíi ti àkọ́kọ́. Orúkọ tuntun a há, nítorí ó gùn ju àyè orúkọ àtijọ́. Wọn a so lẹ́tà méjì pọ̀ tàbí kí wọ́n kọjá lọ sára etí pátákó. Lẹ́tà àwọn ìgbà ìkẹyìn a sì yàtọ̀: sigma a dà bíi C, omega a dà bíi W. Bí àyè bá kún, orí ọmọrí ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, èyí sì ń tan àwọn tó ń dà á kọ jẹ, torí ọmọrí lè ti ara pósí mìíràn wá. Kí ẹ tó gbà pé ti ara wọn ni wọ́n, ẹ wo ihò irin tó so wọ́n pọ̀, tí wọ́n da òjé yíyọ́ sí: bí ihò òkè kò bá ṣe déédéé pẹ̀lú ti ìsàlẹ̀, ìdílé méjì ni. Fún ìkàwé, bébà tútù ni wọ́n ń tẹ̀ mọ́ ojú òkúta tí wọ́n ti fọ̀, wọn a fi búrọ́ṣì gbá a wọnú lẹ́tà, wọn a jẹ́ kó gbẹ kí wọ́n tó ṣí i. Bí ẹ bá ṣí i kó tó gbẹ, ó fà ya níbi tí lẹ́tà ti jìn jù.

Ọ̀rọ̀ ìṣe inú àkọlé náà tún ń sọ ìtàn. Àwọn ti ìṣáájú ń kọ kateskeuasen, “ó kọ́ ọ”, bíi prñnawatẽ Líkíà gẹ́lẹ́. Nígbà tí Kristẹni pọ̀, diapherei ló gbòde, “ó jẹ́ ti”. Ẹni tó gba pósí baba ẹlòmíì kò lè ní òun kọ́ ọ.

Èpè kò sì kú. Ní Fírígíà, ẹlòmíì a fi Gíríìkì kọ gbogbo àkọlé rẹ̀, a wá fi èdè Fírígíà ṣépè nísàlẹ̀. Àwọn Kristẹni Eumeneia kọ ọ́ pé ẹni tó bá ṣẹ̀, òun àti Ọlọ́run ni. Glykon ti Hierapólì ní tirẹ̀ fi 200 dénáríù sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ aláró elése àlùkò ní Àjọ Àìwúkàrà, àti 150 fún àwọn tó ń hun kápẹ́ẹ̀tì, apá kan rẹ̀ ní Pẹ́ńtíkọ́sì, kí wọ́n lè máa rántí ibojì òun. Mo ka ìyẹn sí ọmọ miñti: ẹgbẹ́ tó ń gbowó láti ṣọ́ òkú.

Ní Korykos, nílẹ̀ Kílíkíà, wọ́n kàn ń fín àgbélébùú àti orúkọ iṣẹ́ ọwọ́ òkú sára pósí, amọ̀kòkò tàbí oníwáìnì. Nígbà tó yá, ìlú Pisa ní Ítálì sin Beatrice, obìnrin ọlọ́lá kan tó kú ní 1076, sínú pósí Róòmù. Ní 1838 Charles Fellows, arìnrìn-àjò ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, dé Xanthos, ìlú kan ní Líkíà, ibojì Payava ará Líkíà sì wà ní Lọ́ńdọ̀nù títí di òní. Ọ̀pọ̀ àwọn tó kù sí ilẹ̀ Tọ́kì di ọpọ́n omi ẹran lábúlé: wọ́n lu ihò sísàlẹ̀ wọn kí omi lè máa jáde, wọ́n sì kọ ojú tí ọ̀rọ̀ wà lára rẹ̀ sí ara ògiri.