Clinical pharmacist: apòògùn tó ń tọ́jú ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò lágbára mọ́

Apòògùn tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ ni ẹni tó ń gba ìwé oògùn lọ́wọ́ wa lójú fèrèsé, tó ń ka hóró oògùn sínú ọ̀rá, tó sì ń kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan lálẹ́. Ẹ̀kọ́ apòògùn kan náà ni clinical pharmacist kọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ibùsùn aláìsàn àti kílíníìkì ni ibi iṣẹ́ tirẹ̀. Ó ń bá dókítà àti nọ́ọ̀sì yí wọ́ọ̀dù ká, ó ń wo èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ó sì ń yẹ oògùn wò níkọ̀ọ̀kan: ṣé èyí ló yẹ ẹni yìí, ṣé ìwọ̀n rẹ̀ tó, ṣé kò ní bá òmíràn jà, ṣé aláìsàn tilẹ̀ ń lò ó? Ní Èkìtì, ilé ìwòsàn ìkọ́ni ni kí èèyàn ti kọ́kọ́ béèrè wọn. Ti ìpínlẹ̀ wà ní Adó, ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìdó, ti Yunifásítì Afẹ́ Babalọlá náà sì wà ní Adó.

Àìsàn tí iṣẹ́ wọn ti hàn jù, lójú tèmi, ni èyí tí dókítà ń pè ní heart failure. Ọkàn kò tíì dákẹ́ o. Ó ṣì ń lù, ṣùgbọ́n agbára tó fi ń ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara ti dín kù, bíi pọ́ǹpù kànga tó ń dún síbẹ̀ tí omi rẹ̀ kò gun orí táǹkì dáadáa mọ́. Omi á wá máa dúró sínú ẹ̀dọ̀fóró àti sí ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ á wú, èémí á máa gé bí èèyàn bá gun òkè díẹ̀ (Èkìtì sì rèé, ibo ni kì í ṣe òkè?), ìrọ̀rí kan kò ní tó sùn mọ́, ẹlòmíràn á ta jí lóru láti wá afẹ́fẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí a kò tọ́jú ló sábà ń fà á lọ́dọ̀ wa. Ó tún máa ń mú àwọn obìnrin kan nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ìwádìí kan tó jáde ní 2012 nípa aláìsàn 1,006 ní orílẹ̀-èdè 9 nílẹ̀ Áfíríkà, tí Nàìjíríà wà lára wọn, rí i pé ọjọ́ orí wọn jẹ́ nǹkan bí ọdún 52 ní ìpíndọ́gba. Ẹni ọdún 52 kò tíì fẹ̀yìn tì. Òun ló ń san owó iléèwé ọmọ.

Oògùn àìsàn yìí pọ̀. Fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò lè fún ẹ̀jẹ̀ jáde dáadáa mọ́, oríṣi mẹ́rin ni àwọn onímọ̀ ń dámọ̀ràn báyìí: èyí tó ń tú iṣan ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, bíi lisinopril; èyí tó ń dín ìsáré ọkàn kù, bíi carvedilol tàbí bisoprolol; spironolactone; àti dapagliflozin tàbí èkejì rẹ̀ empagliflozin, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe fún àtọ̀gbẹ. Furosemide á tún wà níbẹ̀ láti fa omi jáde.

Ibẹ̀ ni ohun kan ti máa ń ṣẹlẹ̀ tí apòògùn gbọ́dọ̀ tètè rí. Bí owó bá há, aláìsàn á fọwọ́ ara rẹ̀ yan èyí tó máa rà. Furosemide ni yóò yàn, torí ojú ẹ̀ ló fi ń rí iṣẹ́ rẹ̀: ó lò ó láàárọ̀, ó tọ̀ títí di ọ̀sán, ẹsẹ̀ sì fọn. Ti carvedilol kò hàn sí i. Àní ó lè máa rẹ̀ ẹ́ díẹ̀ nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, kó sì rò pé oògùn náà kò bá òun lára mu. Bẹ́ẹ̀, furosemide ń mú ìnira omi kúrò ni. Àwọn tí iṣẹ́ wọn kò hàn yẹn ni ìwádìí ti fi hàn pé wọ́n ń jẹ́ kí ẹ̀mí gùn. Dídá irú carvedilol dúró lójijì tún lè da ọkàn láàmú. Nítorí náà, apòògùn tó mọṣẹ́ á béèrè ọ̀rọ̀ owó láìfi dójú tini, á sì wá èyí tí owó rẹ̀ rọjú láàárín oògùn tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà, á gbé e fún dókítà kó buwọ́ lù ú.

Ìwọ̀n oògùn ni iṣẹ́ kejì. Kékeré ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Carvedilol lè bẹ̀rẹ̀ láti miligíráàmù 3.125 lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, kí wọ́n máa sọ ọ́ di ìlọ́po méjì lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, títí yóò fi dé 25 lẹ́ẹ̀mejì, bí ara bá gbà á. Kí wọ́n tó gbé e sókè, wọ́n á wo ẹ̀jẹ̀ ríru àti bí ọkàn ṣe ń lù. Ti lisinopril àti spironolactone gba àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n mọ̀ bóyá kíndìnrín ń ṣiṣẹ́, bóyá potassium, èròjà kan nínú ẹ̀jẹ̀, kò sì ga jù, torí èyí tó ga jù lè dá ọkàn dúró. Dókítà tí èrò kún iwájú rẹ̀ lè má ráyè fún gbogbo èyí. Bí kò bá sẹ́ni tó ń tọpinpin, aláìsàn á wà lórí ìwọ̀n ìbẹ̀rẹ̀ fún ọdún gbọọrọ, á máa sọ pé òun ń lo oògùn, òótọ́ sì ni, àmọ́ oògùn náà kò tó.

Kókó iṣẹ́ náà gan-an wà nínú ọ̀rá tí aláìsàn gbé láti ilé wá. Irú ọ̀rọ̀ tó máa ń wáyé níbẹ̀ rèé:

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, gbogbo ohun tí ẹ ń lò nílé ni mo fẹ́ rí, tòyìnbó, tìbílẹ̀.”

“Oògùn ọkàn yìí náà ni mo ń lò, ọmọ mi.”

“Orúnkún ńkọ́, mà? Kò máa ń dùn yín?”

“Háà, ìyẹn yàtọ̀. Èyí tí wọ́n ń dì fún mi ní kẹ́mísì ni, bí mo bá ti oko dé.”

Ohun tí wọ́n ń dì fún màmá lè jẹ́ diclofenac, ibuprofen tàbí piroxicam. Àwọn wọ̀nyí ń jẹ́ kí ara di iyọ̀ àti omi mú, wọ́n sì ń ni kíndìnrín lára. Furosemide ń tú omi jáde láàárọ̀, oògùn orúnkún ń dá a padà lálẹ́. Bí màmá bá tún wú, ẹni tí kò béèrè yóò kàn fi kún furosemide ni. Paracetamol sàn fún un, tàbí ìpara tí apòògùn bá fọwọ́ sí, àmọ́ kì í ṣe hóró tó ń hó nínú omi, torí sodium, èròjà tó wà nínú iyọ̀, pọ̀ nínú rẹ̀. Nínú ọ̀rá kan náà ni wọ́n ti máa ń rí Lasix àti furosemide pa pọ̀, orúkọ méjì, oògùn kan, tí aláìsàn ń lo méjèèjì. Àgbo ńkọ́? N kò fara mọ́ àwọn tó ń bú aláìsàn nítorí àgbo. Ẹni tí a bú kò ní sọ òótọ́ lọ́jọ́ mìíràn. Kí wọ́n béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀ àti bóyá ọtí ni wọ́n fi rẹ ẹ́. Káún tí a fi ń se ẹ̀wà àti ewédú náà yẹ ní bíbéèrè, torí sodium pọ̀ nínú rẹ̀ bíi ti iyọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni magí.

Ikọ́ náà ń rúni lójú. Lisinopril máa ń fa ikọ́ gbígbẹ fún àwọn kan, omi inú ẹ̀dọ̀fóró náà sì ń fa ikọ́. Ẹni tó lọ ra oògùn ikọ́ kò tíì mọ èyí tó ń ṣe é. Apòògùn á béèrè ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ àti bóyá ó ń le sí i bí èèyàn bá dùbúlẹ̀, á sì sọ fún dókítà. Ṣùgbọ́n bí ètè tàbí ahọ́n bá wú lórí lisinopril, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀, kò sí ti ká dúró dọ̀la.

Ọ̀rọ̀ ìrìn àjò dà bí ohun kékeré, àmọ́ ó ń gbé èèyàn padà sí wọ́ọ̀dù. Ẹni tó fẹ́ ti Adó lọ sí Èkó kò ní fẹ́ máa dá mọ́tò dúró nítorí ìtọ̀, ló bá fo furosemide. Ọjọ́ ìsìnkú, ó tún fò ó. Apòògùn lè bá a sún àkókò rẹ̀ síwájú, kó lò ó nígbà tó bá débi tó ń lọ. Á tún kọ́ ọ láti máa wọn ara rẹ̀ láràárọ̀ lórí ìwọ̀n kan náà, lẹ́yìn tó bá tọ̀, kó tó jẹun. Bí ìwọ̀n rẹ̀ bá fi ohun tó ju kìlógíráàmù 2 lọ gòkè láàárín ọjọ́ 3, omi ló ń kó jọ, kó pè wọ́n kí èémí tó bẹ̀rẹ̀ sí í gé.

Ṣé gbogbo èyí ń ṣiṣẹ́? Ní 1999, wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà lórí aláìsàn ọkàn 181. Nínú àwọn tí clinical pharmacist bá dókítà tọ́jú, ikú àti wàhálà ọkàn tó gbé wọn dé ilé ìwòsàn jẹ́ 4. Láàárín àwọn yòókù, ó jẹ́ 16. Òmíràn tó jáde ní 2007, lórí aláìsàn 314 tí owó kò pọ̀ lọ́wọ́ wọn, ló wù mí jù. Apòògùn bá wọn ṣe é fún oṣù 9, lílo oògùn bó ṣe yẹ sì jẹ́ 78.8 nínú ọgọ́rùn-ún, ti àwọn yòókù jẹ́ 67.9. Nígbà tí apòògùn dáwọ́ dúró fún oṣù 3, ó já wálẹ̀ sí 70.6, ti àwọn yòókù jẹ́ 66.7. Àlàyé ọjọ́ kan lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù kò lè rọ́pò ìbẹ̀wò.

Ìbẹ̀wò yìí sì ni ìṣòro fún ẹni tó ń bọ̀ láti Òmùò tàbí Ẹ̀fọ̀n. Owó mọ́tò sí Adó lẹ́ẹ̀mejì lóṣù kò rọrùn. Ohun tó ṣeé ṣe ni kí wọ́n kọ ìwọ̀n oògùn àti ọjọ́ àyẹ̀wò sínú káàdì, kí apòògùn tó sún mọ́ ilé máa wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, kí èkejì ní ilé ìwòsàn máa fi fóònù béèrè èsì. Kí ẹ tó kúrò ní kílíníìkì, ẹ béèrè ohun mẹ́ta: ìwọ̀n wo ni a fẹ́ gbé oògùn yìí dé, ọjọ́ wo ni àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó kàn, ta sì ni a ó pè bí ẹsẹ̀ bá tún wú.