Ibi tí "Ọ̀run Ni Èrè Tíṣà Wà" Ti Ṣẹ̀

Kò sí tíṣà nílẹ̀ Yorùbá tí wọn kò tíì sọ fún rí pé ọ̀run ni èrè rẹ̀ wà. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dùn mí, torí ẹni tó ń sọ ọ́ kò jẹ́ sọ irú rẹ̀ fún kápẹ́ńtà tó bá kan ilẹ̀kùn fún un. Àmọ́ tí a bá tọpasẹ̀ bí iṣẹ́ náà ṣe dé ọ̀dọ̀ wa, a óò rí orísun rẹ̀.

Kí síléètì àti ṣọ́ọ̀kì tó dé ni ìwé kíkà ti wà lágbàlá àwọn ààfáà. Ọmọ á jókòó sórí ẹní, wàláà, pátákó ìkọ̀wé wọn, á wà lórí itan rẹ̀. Ààfáà á ti gègé bọ tàdáwà, ìyẹn yíǹkì wọn, á kọ ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà, ọmọ á sì máa ké e títí yóò fi mọ̀ ọ́n lórí. Ìgbà yẹn ni wọn yóò fi omi fọ wàláà, kí wọ́n tó kọ òmíràn sí i. Owó oṣù kò sí níbẹ̀. Sàráà tí òbí bá fi ránṣẹ́ ni, pẹ̀lú iṣẹ́ tí ọmọ bá bá ààfáà ṣe lóko, àti ẹ̀bùn ọjọ́ tí ọmọ bá parí Kùránì. Ẹni tó ń kọ́ ọmọ níwèé náà ló ń ṣíwájú ìrun, òun náà ló ń sọ ọmọ lórúkọ.

Ti àwọn onígbàgbọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Nígbà tí CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ìjọ Áńgílíkà, dá ilé ẹ̀kọ́ Fourah Bay sílẹ̀ ní Sàró ní 1827, Àjàyí Crowther wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wọlé. Ọmọ Òṣóògùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821 ni, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló sì gbà á sílẹ̀ lójú òkun lọ́dún kejì. Kó tó di àlùfáà, kó tó di bíṣọ́ọ̀bù, tíṣà ni. Asano ìyàwó rẹ̀, tí wọ́n sọ ní Susan nígbà ìrìbọmi, tíṣà lòun náà. Mi ò mọ ìdí tí a fi máa ń gbàgbé obìnrin yẹn.

Àwọn Mẹ́tọ́díìsì dá ilé ìwé sílẹ̀ ní Àgbádárìgì ní 1843. Òbí kì í fẹ́ fi ọmọ sílẹ̀ nígbà náà, torí ta ni yóò bá bàbá roko? Ọ̀pọ̀ ọmọ tó wá, ilé míṣọ́nnárì ni wọ́n ń gbé, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹun.

Ní 1853, CMS bẹ̀rẹ̀ ibi tí wọn yóò ti máa kọ́ àwọn tíṣà fúnra wọn, ní Abẹ́òkúta. Nígbà tí Ìfọ́lé ṣẹlẹ̀ ní 1867, tí wọ́n lé àwọn òyìnbó kúrò nílùú, ilé ẹ̀kọ́ náà kó lọ sí Èkó. Ní 1896 ló tẹ̀dó sí Ọ̀yọ́, tó di St. Andrew's College. D. O. Fágúnwà ti ibẹ̀ jáde.

Iṣẹ́ méjì ni wọ́n ń kọ́ wọn papọ̀. Láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, tíṣà wà níwájú pátákó. Tó bá di ọjọ́ Ìsinmi, òun ni yóò ka Bíbélì, òun ni yóò dá orin. Agogo kan náà ni wọ́n ń lù fún méjèèjì. Òun ló ń ka lẹ́tà fún aráalé ẹni tó wà lẹ́yìn odi, òun náà ló ń kọ èsì rẹ̀. Ní abúlé ìyá mi, wọ́n ṣì ń pe yàrá méjì kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì ní ilé tíṣà, bẹ́ẹ̀ ó ti pẹ́ tí tíṣà ti gbé ibẹ̀ kẹ́yìn.

Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀. Ìjọ ló ń sanwó fún un, wọ́n sì ka iṣẹ́ rẹ̀ sí iṣẹ́ Ọlọ́run. Ta ló ń bá Ọlọ́run dúnàádúrà? Nígbà tí ìjọba Èkó náà bẹ̀rẹ̀ sí fún ilé ìwé lówó ìrànwọ́, pàápàá lábẹ́ òfin 1887, wọ́n so owó mọ́ bí àwọn ọmọ bá ṣe ṣe dáadáa sí nínú ìdánwò. Tíṣà á wá máa wo ojú ọmọ, á máa wo ojú olùbẹ̀wò.

Àwọn tíṣà fúnra wọn ló kọ́kọ́ kọ̀. Israel Olúdọ̀tun Ransome-Kuti, tí Fourah Bay kọ́ lòun náà, ti kó àwọn ọ̀gá ilé ìwé Ìjẹ̀bú jọ sínú ẹgbẹ́ ní 1926. Àwọn tíṣà Èkó náà ti ní tiwọn. Ní ọjọ́ 8 oṣù keje 1931, wọ́n pàdé ní CMS Grammar School l'Ékòó, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ olùkọ́ gbogbo Nàìjíríà sílẹ̀, èyí tí a mọ̀ sí NUT. Ransome-Kuti ni ààrẹ àkọ́kọ́. Àlùfáà ṣọ́ọ̀ṣì ni, bẹ́ẹ̀ ó ń béèrè owó oṣù tó bójú mu fún tíṣà, láyé níbí.

Ó ṣe ààrẹ náà títí di 1954. Ní oṣù kìíní 1955, ìjọba Awólọ́wọ̀ ṣí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀ Oòrùn, ọmọ tó lé ní 800,000 ló wọ kíláàsì, tíṣà kò sì tó. Wọ́n ń ṣí ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ káàkiri láti rí ẹni tí yóò dúró níwájú wọn. Ní oṣù kẹrin ọdún yẹn ni Ransome-Kuti kú.